Bẹ́ ẹ ṣe lè darí drum corps àwọn àgbà kí fàájì, paréèdì àti ìdíje má baà ba ara wọn jẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè tí wọ́n ń pè ní alumni corps ní Amẹ́ríkà, pàápàá apá New Jersey, Pennsylvania, New York àti Connecticut níbẹ̀ yẹn. Drum corps tí gbogbo ayé ń wò lórí YouTube, ti àwọn ọ̀dọ́ ni, Drum Corps International, DCI, ló ń darí ẹ̀, téèyàn bá sì ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 22 wọ́n á ní kó máa lọ sílé, ó ti dàgbà jù. Ṣùgbọ́n ṣé ìlù máa ń kúrò lára èèyàn torí pé wọ́n ní kó máa lọ sílé ni? Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí bàbá ẹni ọdún 67 tó gbé ìlù snare kọ́rùn lọ́jọ́ Memorial Day, ìyẹn ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó kú, tí ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń ju àsíá sókè lẹ́yìn ẹ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń pariwo orúkọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lu side drum nínú Boys' Brigade n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó tẹ́ ẹ ti di ẹni àádọ́ta ọdún ní Maryland tàbí Jersey báyìí, ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí ò ní bi yín bóyá ẹ wà níbẹ̀ ní 1974, ẹni tó lè lù ni wọ́n ń wá, ẹni tó lè fọn fèrè, ẹni tó máa wá sí prátíìsì lákòókò. Àwọn mí-ìn nínú yín sì ti wà nínú kọ́mítì, ẹ̀yin gan-an lẹ máa jẹ orí fífọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Orí fífọ́ náà ni pé àwọn kan wá ṣe fàájì, àwọn kan fẹ́ paréèdì nìkan, àwọn kan sì fẹ́ gba ife kí wọ́n tó kú, gbogbo wọn wọ yúnífọ́ọ̀mù kan náà, kò sì sẹ́ni tó jókòó sọ ọ́ síta kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé paréèdì ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ìdíje sì dá lórí iye èèyàn tó ń wá sí prátíìsì nígbà òtútù, kì í ṣe lórí ariwo tí wọ́n ń pa nídìí bíà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka orí kẹ́ ẹ tó lá àlá

Oṣù kọkànlá, ẹ fi fọ́ọ̀mù kékeré ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, ìbéèrè mẹ́ta péré: Sátidé mélòó lo lè fún wa lóṣù? Ṣé o lè gbé ohun èlò ẹ rìn máìlì kan, àbí àfi kó o dúró sójú kan lù? Tá a bá lọ ìdíje, ṣé o ń bá wa lọ, ṣé o kàn máa wá wò wá, àbí o ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá? Kí wọ́n kọ orúkọ sí i o, torí bí ò bá sórúkọ lára ẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa sọ pé àwọn ń lọ ìdíje.

Lẹ́yìn náà ẹ fi fọ́ọ̀mù yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ àwọn tó wá sí prátíìsì láti oṣù kìíní dé ìparí oṣù kẹta. Ká ní orúkọ 60 ló wà nínú WhatsApp, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, èèyàn 34 ló ń wá déédéé, ẹgbẹ́ èèyàn 34 lẹ ní nìyẹn. Ẹ ya àwòrán pápá yín, ìyẹn ibi tí kálukú máa dúró sí, fún èèyàn 34, ẹ kọ orin fún èèyàn 34. Èèyàn 26 tó kù, ẹ má bínú sí wọn, wọn ò ṣẹ̀ yín, ọjọ́ paréèdì wọ́n máa yọjú, ẹ sì máa nílò wọn. Ẹgbẹ́ tó bá ya àwòrán fún èèyàn 60 ló máa ń bá ihò láàárín pápá lóṣù keje, tí wọ́n á wá máa pe èèyàn lórí fóònù láago mẹ́wàá alẹ́ bí ẹni tí gbèsè ká mọ́lé.

Ìgbésẹ̀ 2: Irú ìdíje wo gan-an?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn àgbà púpọ̀ rò pé ìdíje ò ju kí wọ́n wọ pápá bọ́ọ̀lù lọ pẹ̀lú show kíkún, káwọn adájọ́ sì wà lókè. Ìyẹn wà lóòótọ́. Láti 1965 ni Drum Corps Associates, DCA, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdíje fún àwọn tí ọjọ́ orí ò dí lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní all-age. Reading Buccaneers láti Pennsylvania, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ló gba ife àkọ́kọ́, Hawthorne Caballeros ti New Jersey sì ti wà láti 1946, látọwọ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì lábẹ́ American Legion. Ọdọọdún ni ìdíje ńlá DCA máa ń bọ́ sí wíkẹ́ńdì Labor Day, ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì máa ń fún àwọn alumni corps ní àyè tiwọn níbẹ̀ láti kàn wá ṣeré láìsí máàkì. DCA ṣe tiẹ̀ kẹ́yìn ní 2023, láti 2024 gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ DCI. Torí náà tí bàbá kan nínú ẹgbẹ́ yín bá ń sọ pé "Labor Day la máa ń lọ", ẹ fìtìjú sọ fún un pé kàlẹ́ńdà ti yí, kẹ́ ẹ sì lọ ka òfin ọdún yìí fúnra yín.

Ohun tí ẹgbẹ́ all-age tó ń díje ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kì í ṣe kékeré. Wíkẹ́ńdì lẹ́yìn wíkẹ́ńdì lórí pápá nínú oòrùn, àwọn tó ń kọ́ yín tẹ́ ẹ máa sanwó fún, ọkọ̀ ẹrù, yúnífọ́ọ̀mù tuntun. Tí èèyàn 34 yín bá jẹ́ ẹni ọdún 60 sókè tó pọ̀, mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀, kẹ́ ẹ má bínú.

Àmọ́ àwọn ọ̀nà mí-ìn wà. Mini-corps wà, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré onífèrè àti onílù tó ń dúró sójú kan ṣeré. Wíkẹ́ńdì ìdíje DCA làwọn yẹn ti gbajúmọ̀ nígbà yẹn, ibẹ̀ sì lèèyàn ti máa ń rí àwọn bàbá tí wọ́n ṣì ń fọn fèrè bí ẹni ọdún 25 torí pé wọn ò ní sáré kiri pápá. SoundSport ti DCI náà wà, wọn ò fi dandan mú yín gbé pápá ńlá, Gold, Silver tàbí Bronze ni wọ́n máa fún yín dípò kí wọ́n to yín sí ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta, èyí sì dáa fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ àwọn láìsí ìtìjú. Ẹ tún lè ṣe reunion ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí àwọn Madison Scouts àtijọ́ ṣe ṣe ní 2006 nígbà tí ìdíje DCI wá sí ìlú wọn gan-an ní Wisconsin: ẹ múra, ẹ ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ sunkún, ó parí. Reunion dùn torí pé ó lópin, ẹni tí ò lè fún yín ní ọdún márùn-ún lè fún yín ní oṣù mẹ́fà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹgbẹ́ tó ní onídíje mẹ́wàá tàbí méjìlá láàárín àwọn onífàájì ni pé kẹ́ ẹ fi àwọn yẹn ṣe mini-corps. Wọ́n á lọ, wọ́n á jà fún ife wọn, wọ́n á padà wá gbé ìlù ní paréèdì, inú gbogbo èèyàn á dùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Kàlẹ́ńdà, láti ẹ̀yìn wá síwájú

Ẹ mú ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù, ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Oṣù kìíní sí ìkẹta, orin nìkan, nínú ilé. Ìparí oṣù kẹta ni ọjọ́ ìpinnu: a ń lọ ìdíje tàbí a ò lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa dìbò lé e lórí, tó bá ti kọjá ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ gbé e dìde títí ọdún á fi parí. Oṣù kẹrin ẹ bọ́ síta. Memorial Day, Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún, iṣẹ́ á pọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹgbẹ́ mí-ìn máa ń rìn paréèdì méjì tàbí mẹ́ta láàárọ̀ kan ṣoṣo láti ìlú dé ìlú. Lẹ́yìn náà July 4. Àwọn paréèdì ẹgbẹ́ panápaná náà wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ife wà fún báńdì tó dáa jù, tí oúnjẹ àti bíà sì ń dúró dè yín níbi tẹ́ ẹ máa rìn dé. Ní tòótọ́, bẹ́ ẹ bá bi àwọn àgbà ẹgbẹ́ léèrè, ibi oúnjẹ yẹn ni ẹgbẹ́ gan-an ń gbé.

Kẹ́ ẹ fi òpin sí i. Tẹ́ ẹ bá ń lọ ìdíje lọ́dún kan, ẹ dín paréèdì kù, kẹ́ ẹ má sì gba paréèdì kankan ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Alága tó ń gba gbogbo paréèdì torí owó ló ń ba ètè àwọn onífèrè jẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá sì lọ ìdíje, ẹ gba paréèdì bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ fi wíkẹ́ńdì kan sílẹ̀ lóṣù fún ìdílé, torí ọkọ tàbí ìyàwó tó ń bínú nílé lágbára ju adájọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Owó

Ibí lọ̀rọ̀ ti máa ń dìjà, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Àpò méjì ni. Àpò ẹgbẹ́ ni owó oṣooṣù àti owó paréèdì ń wọ̀, òun ló máa san gbọ̀ngàn prátíìsì, ọkọ̀ ẹrù, awọ ìlù, àti ìnṣọ́ránsì, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò paréèdì ni ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rìn láì rí ìwé ìnṣọ́ránsì yín. Àpò ìdíje yàtọ̀, àwọn tó ń lọ ló máa dá a, àti ohun tó bá ṣẹ́kù lọ́dún tó kọjá tí ìpàdé fọwọ́ sí. Ìyá tó ń ju àsíá ní paréèdì nìkan, kí ló dé tí owó ẹ̀ á fi ra aṣọ ìdíje tí ò ní wọ̀? Tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀, ìfura á wọlé, ìfura ló sì ń fọ́ ẹgbẹ́ ju gbèsè lọ.

Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 501(c)(3), ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè, tẹ́ ẹ ò bá tíì ṣe é, kí ẹni tó bá fún yín lówó lè yọ ọ́ nínú owó orí. Ẹgbẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kì í sábà ju 50,000 dọ́là lọ, fọ́ọ̀mù 990-N tó kéré gan-an ló máa kọ sí IRS, àwọn agbowó orí Amẹ́ríkà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kì í pẹ́ rárá. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá gbàgbé ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ipò ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, láìsí ìkìlọ̀ kejì. Akápò tó ń ṣe é, ẹ fi ìgbákejì tì í lẹ́yìn tó mọ password.

Owó orin náà wà níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún orin ẹlòmí-ìn ṣe fún fèrè àti ìlù, ẹni tó ni orin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé fídíò ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ mí-ìn nìyẹn. Ẹ béèrè kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nóòtì kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Orin kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Ẹ má kọ́ orin paréèdì lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tún kọ́ ti ìdíje lọ́tọ̀. Ẹni ọdún 60 tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ò ráyè há orin mẹ́rìnlá sórí. Ẹ mú orin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí àwọn èèyàn fẹ́ràn, kí ẹni tó ń kọ orin yín kọ ọ́ bíi pé ẹ lè gé e: abala tó lágbára jù nínú ẹ̀, bíi ìṣẹ́jú kan, lẹ máa lù ní títì, odindi ẹ̀ lẹ máa lù tẹ́ ẹ bá dúró sójú kan ní páàkì, òun náà tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra lẹ máa gbé lọ ìdíje. Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn paréèdì lẹ ń ṣe prátíìsì ìdíje láìmọ̀.

Kí ẹni tó ń kọ orin má kọ nóòtì òkè fún soprano, fèrè tó ń dún lókè jù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ètè ẹni ọdún 65 lè lọ sókè dáadáa, àmọ́ kì í dúró pẹ́ níbẹ̀, kí mellophone àti baritone, àwọn fèrè tí ohùn wọn lọ sílẹ̀ díẹ̀, gba orin lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè mí. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n máa ń fi ìlù nìkan sí àárín orin méjì, àwọn ará ìta á máa jó, àwọn onífèrè á máa mu omi.

Ọ̀rọ̀ bugle G, fèrè àtijọ́ tí wọ́n ṣe sí kí (key) G, ńkọ́? DCI gba fèrè tó wà ní kí yòówù láàyè láti 2000, DCA tẹ̀ lé e ní 2004, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alumni corps ṣì fẹ́ ohùn G àtijọ́ yẹn torí bó ṣe máa ń dún gbàù létí. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ Kanstul tó ń ṣe é ti kógbá wọlé ní 2019, tókùnbọ̀ lẹ máa máa rà, ẹni tó máa tún un ṣe ò pọ̀, ọmọ ọdún 30 tó wá darapọ̀ á sì gbé fèrè B-flat tiẹ̀ wá láti ilé. Ẹ pinnu èyí tẹ́ ẹ máa lò, kí gbogbo èèyàn lo òun náà. Àdàlù G àti B-flat lórí títì, nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ọ́ lára, létí mi, ìyà ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ara àgbà

Etí lẹ kọ́kọ́ máa tọ́jú. Ìlànà NIOSH, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé téèyàn bá wà nínú ariwo 85 desibẹ́ẹ̀lì, wákàtí mẹ́jọ ni, gbogbo ìgbà tó bá sì fi 3 lé sí i, àkókò á gé sí ìdajì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù, ẹni tó dúró láàárín àwọn snare nínú gbọ̀ngàn kékeré sì ń gbọ́ irú ariwo yẹn fún wákàtí méjì. Ẹ ra earplug tí wọ́n ṣe fún olórin, kó jẹ́ dandan, kó jẹ́ apá kan yúnífọ́ọ̀mù. Àwọn tó máa kọ̀ ọ́ ni àwọn tí ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ dáadáa mọ́.

Ìwúwo tẹ̀ lé e. Contra, fèrè ńlá tó ń dún nísàlẹ̀ jù, lè lé ní kílò 10, ó wà lórí èjìká kan. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì máa pín contra kan ní paréèdì gígùn, kí ọ̀kan máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú ìgò omi, kí wọ́n pààrọ̀ níbi tí paréèdì bá ti dúró. Ooru sì rèé, ara máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mọ́ ọn lára, torí náà ẹ má fi gbogbo òwúrọ̀ àti ọ̀sán sórí pápá ní wíkẹ́ńdì àkọ́kọ́ oṣù kẹfà. Ibòji, omi, fìlà, àti ẹnì kan tó mọ CPR, ìyẹn títẹ àyà ẹni tí ọkàn ẹ̀ dáwọ́ dúró, lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá jáde.

Ìyára náà ńkọ́? Ìṣísẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan ni ti àtijọ́. Ẹ gbé e wá sí 108 tàbí 112, kò sí ará ìta kankan tó máa mọ̀. Ní 112, pẹ̀lú ìṣísẹ̀ íńṣì 30, máìlì kan á gbà tó ìṣẹ́jú 19 tẹ́ ẹ ò bá dúró rárá, àmọ́ ẹ máa dúró, torí ọkọ̀ panápaná tó wà níwájú yín máa dúró.

Kọ́nà wá ni ibi tí mo ti máa ń mọ ẹgbẹ́ tó ṣe prátíìsì ìrìn. Ká ní ìlà èèyàn mẹ́rin fẹ́ yà sósì. Ẹni tó wà lósì pátápátá ò ní lọ, á kàn máa gbé ẹsẹ̀ sókè sílẹ̀ sójú kan, á máa yí díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà lọ́tún pátápátá á na ẹsẹ̀ gùn bí ẹni ń fo gọ́tà, àwọn méjì tó wà láàárín á máa fi igun ojú wo ẹni inú, títí ìlà á fi tọ́ padà. Torí náà ẹ gba máàpù paréèdì kí ọjọ́ tó pé. Tí kọ́nà bá yà sósì ju ọ̀tún lọ, ẹni tí orúnkún ń dùn, òsì ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ta ló máa gbé snare?

Bàbá kan wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti lọ́ra, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un. Ní paréèdì, gbogbo èèyàn ló ní àyè, bàbá yẹn ló máa wà níwájú, kò gba ìjíròrò. Ní ìdíje, ẹ ní kí gbogbo onílù, títí kan ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀, gba ìlù wọn sílẹ̀ lórí fóònù pẹ̀lú metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìyára, abala kan náà, kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ ọ láìmọ orúkọ. Tí bàbá ò bá yege, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ WhatsApp. Kí ẹni tó sún mọ́ ọn lọ bá a nílé, kó jókòó, kó gbé nǹkan tó níyì fún un: cymbal, ẹ̀rọ ìlù tó wà níwájú, tàbí honor guard, àwọn tó ń gbé àsíá. Gbígbé àsíá Amẹ́ríkà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ò ríṣẹ́ ṣe o, ó ní òfin tiẹ̀, tó bá wà pẹ̀lú àwọn àsíá mí-ìn, apá ọ̀tún àwọn tó ń rìn ló máa wà, tàbí kó wà níwájú láàárín ìlà wọn.

Ìgbésẹ̀ 8: Lọ́jọ́ tí máàkì bá jáde

Nínú 100 ni wọ́n ń fún all-age ní máàkì lórí pápá. Lọ́nà tí DCI ń gbà pín in, 40 jẹ́ ti general effect, ìyẹn bí gbogbo ẹ̀ ṣe wọ èèyàn lára, 30 ti ìrìn àti ojú, 30 ti orin. Ẹ rí i pé 40 yẹn ni ẹgbẹ́ àgbà ti lè rí nǹkan jẹ, torí àwọn èèyàn tó wà lórí àga mọ orin yín, wọ́n máa dìde. Àwọn adájọ́ máa ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣeré, ohùn yẹn wúlò ju nọ́ńbà lọ. Kí ọ̀gá orin gbọ́ ọ fúnra ẹ̀ kọ́kọ́, kó mú ohun méjì péré jáde tẹ́ ẹ máa tún ṣe, kí gbogbo ẹgbẹ́ má gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tí adájọ́ sọ nípa contra kẹta. Àti òfin kan: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sórí Facebook nípa máàkì títí di ọ̀la ọ̀sán. Àwọn tó máa rú òfin yẹn, ẹ ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, ẹ gba gbogbo ohun èlò padà, kí ẹni méjì máa kọ nọ́ńbà tó wà lára ohun èlò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ tú awọ ìlù sílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi òróró sí àwọn fáàfù fèrè, kẹ́ ẹ sì fọ yúnífọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gbé e pamọ́, torí òógùn oṣù keje tó bá sùn mọ́jú dé oṣù karùn-ún, ẹ ò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè mẹ́ta yẹn á tún jáde lóṣù kọkànlá.